Àṣẹ Iná Ti Dé Ọwọ́ Ìpínlẹ̀: Ìgbà Wo Ni Yóò Tàn Dé Ọ̀nà Ekenwan?

Láti inú Ìlú Benin ni ọ̀nà Ekenwan ti kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ó kọjá ọgbà kan tí í ṣe ti Yunifásítì Benin, ó sì wọ ìgbèríko lọ sí ìhà Gelegele àti Ughoton, èbúté àtijọ́ ilẹ̀ Benin. Bí ó ti rí lójú pópó ìlú ńlá gbogbo, àwọn aránṣọ, onígbàjámọ̀, ajórin àti àwọn obìnrin tí ń ta ẹja dídì ń ṣòwò lẹ́bàá ọ̀nà náà. Iná mànàmáná ni irinṣẹ́ gbogbo wọn. Bí iná ọba bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo ni ó ń jẹ èrè oníṣẹ́ ọwọ́.

Kí ni ìjọba ìpínlẹ̀ lè ṣe sí i? Tẹ́lẹ̀ rí, kìkì ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé ni òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó mú ìdènà yìí kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí Òfin Iná Mànàmáná tuntun. Nígbà tí ó di 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná bẹ̀rẹ̀ sí í fa àkóso náà lé àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan lọ́wọ́. Edo, Ondo àti Ekiti wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ilé-iṣẹ́ BEDC tí ó fìdí kalẹ̀ sí Ìlú Benin ni a yan láti pín iná fún Ondo àti Ekiti pẹ̀lú nígbà tí ìjọba ta àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní 2013.

Agbára oòrùn ni ọ̀nà tí ó yá jù láti lo àṣẹ tuntun yìí, nítorí kò dúró de wáyà láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ kò rí bíi ti epo. Ẹni tí ń ra epo ń san díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó fẹ́ lo oòrùn yóò san owó pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà kí ó tó rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ní ìhà tiwa tí òjò àti ìkùukùu pọ̀ sí, pánẹ́ẹ̀lì kan kò lè mú iná wá tó bí yóò ti ṣe ní Sókótó. Aránṣọ tí ó háyà ṣọ́ọ̀bù kò sì ní òrùlé tirẹ̀ tí yóò to pánẹ́ẹ̀lì lé. Bí onílé bá ní kí ó kó jáde ńkọ́? Ibí yìí ni olówó àti mẹ̀kúnnù ti pínyà.

Gbámú-Gbámú, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Ìpínlẹ̀ Ogun, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní 2018 ni a ṣí ibùdó agbára oòrùn kan níbẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Rubitec kọ́, tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85. Kò di dandan kí ará ìlú ra pánẹ́ẹ̀lì. Iná tí kálukú bá lò ni yóò san owó rẹ̀. Ìlànà tí NERC gbé kalẹ̀ ní 2016 ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: ibùdó tí kò tó kílówáàtì 100 lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ lásán.

Ohun tí ó yẹ kí Edo ṣe nìyí fún ọjà àti ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù: ibùdó kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò jọ máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń dá èsúsú. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ilé ìwòsàn àdúgbò, kànga ẹ̀rọ àti iná ojú pópó. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ọ̀pọ̀ iná ojú pópó olóòrùn ni ó ti kú ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí pé kò sí owó tàbí ẹni tí a yàn láti pààrọ̀ bátìrì. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ owó àtúnṣe sínú ètò ìnáwó ọdọọdún, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iṣẹ́ náà, kí òpó àkọ́kọ́ tó dúró.

Oòrùn kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé ẹni tí kò ní òrùlé náà rí i lò.