Nígbà tí ọ̀dá bá dá nínú ọkàn aládùúrà: ta ni a ó tọ̀ lọ, ìwé wo ni a ó kà?

Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìfàkì dé Ìdó, kò sí ìlú kan ní ìhà àríwá Èkìtì tí a kò ti lè rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ya àkókò sọ́tọ̀ láti wá ojú Ọlọ́run. Àwọn kan a máa gun orí òkè lọ tàwọn ti Bíbélì àti ìgò omi. Àwọn mìíràn a máa jí ní ìdájí, wọn a jókòó lórí ẹní, wọn a máa fa tẹ̀sùbáà. Bẹ́ẹ̀ ni a rí àwọn onífá tí wọn kì í jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kọjá láìjókòó ti Ifá wọn. Ọ̀nà wọn kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n gbà pé ó yẹ kí ènìyàn kúrò nínú ariwo ayé nígbà mìíràn, kí ó dákẹ́, kí ó sì dojú kọ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ nínú àṣàrò.

Ohun tí a kì í sábà sọ ní gbangba ni pé ọ̀nà yìí ní ibi tí ó ti le. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà a máa dùn, omijé ayọ̀ a máa bọ́, ọkàn a sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọjọ́ kan lè dé tí adùn náà yóò pòórá. Ènìyàn a kúnlẹ̀, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan sọ. A ṣí ìwé mímọ́, ojú rẹ̀ yóò máa rí lẹ́tà, ọkàn rẹ̀ kò ní gbọ́ ohun kan níbẹ̀. Bí oorun kò bá kùn ún, èrò rẹ̀ yóò máa sá kiri oko àti ọjà. Èyí ni a pè ní ọ̀dá ọkàn nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nígbà tí ọ̀dá bá dé ni ó ń dá kún ìṣòro náà. Àwọn kan a fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀ títí ara yóò fi daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan a máa ti ilé àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, níbi tí ẹnìkan yóò ti sọ fún wọn pé ìyá àgbà tó wà nílé ni ó di ọ̀nà mọ́ wọn, ìjà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹbí tí kò níjà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà nípò aṣáájú, ìbáà ṣe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n lanu sọ̀rọ̀ rárá. Wọn a máa gbàdúrà fún gbogbo ènìyàn, òǹgbẹ a sì máa gbẹ àwọn fúnra wọn. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀dá yìí kì í ṣe ohun tuntun, àti pé àwọn tó ti là á kọjá fi ìmọ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀rí àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí

Ọ̀kan nínú wọn ni Jòhánù ti Àgbélébùú, àlùfáà ará Sípéènì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1577, àwọn arákùnrin inú ẹgbẹ́ ìsìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n mú un, tí wọ́n tì í mọ́ inú yàrá kékeré kan ní ìlú Toledo títí di oṣù kẹjọ ọdún 1578, kí ó tó sá jáde. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ìwé lórí ohun tí ó pè ní òru ọkàn. Ó fi àmì mẹ́ta lélẹ̀ tí a lè fi mọ̀ bóyá ọ̀dá tó dé bá ènìyàn jẹ́ apá kan ìrìn àjò náà, tàbí pé onítọ̀hún kàn ń ṣe ọ̀lẹ ni. Àmì kìíní ni pé kò rí adùn nínú ohun ti Ọlọ́run, kò sì rí i nínú fàájì ayé náà. Ẹni tó bá rí adùn ní ilé ọtí, tí kò rí i níbi àdúrà, ti ẹni yẹn kì í ṣe ọ̀dá. Èkejì ni pé ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí Ọlọ́run, tí ó ń dùn ún pé òun kò sìn ín bí ó ti yẹ. Ọ̀lẹ kì í bìkítà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kò lè fi ìrònú ṣe àṣàrò mọ́ bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí ó ti wù kí ó gbìyànjú tó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé jọ, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí onítọ̀hún má ṣe fi agbára fa ohun tó ti lọ padà, kí ó jókòó pẹ̀lú sùúrù àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé láti sọ pé àìsàn ìbànújẹ́ náà lè dà pọ̀ mọ́ ọn.

Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ìtàn Imáàmù al-Ghazali kò gbọdọ̀ fò wá. Olùkọ́ ńlá ni ní Baghdad, ṣùgbọ́n ní ọdún 1095, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àwọn oníṣègùn sọ pé inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá. Ó fi ipò sílẹ̀, ó lọ sí Damascus àti Jerúsálẹ́mù, ó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò fi ohunkóhun bò. Ó sọ níbẹ̀ pé ìwé àwọn Súfì ni òun kọ́kọ́ kà, ìwé náà ló sì fi han òun pé ìwé kíkà nìkan kò tó, àfi kí ènìyàn rin ọ̀nà náà.

Ti Mother Teresa ti Calcutta sún mọ́ ayé tiwa. Ọdún 1997 ni ó kú. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ẹnu ya gbogbo ayé láti gbọ́ pé nǹkan bí ọdún 50 ni obìnrin náà fi gbàdúrà láìní ìmọ̀lára pé Ọlọ́run wà nítòsí. Kò pa á mọ́ra tán, ó sọ fún àwọn àlùfáà díẹ̀ tí ó fọkàn tán. Ọ̀kan nínú wọn, Joseph Neuner, ni ó là á yé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á, àti pé òǹgbẹ Ọlọ́run tó ń gbẹ ẹ́ gan-an jẹ́ ẹ̀rí pé Ọlọ́run kò jìnnà. Òkùnkùn náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọdún 1904 ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, ìlú kan ní Kwara tí kò jìnnà sí ààlà wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba ní ọdún 1928 nígbà tí ó gbọ́ ìpè, tí ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ apá yìí nínú ìtàn náà, wọ́n sì rò pé òun nìkan ló dá ọ̀nà náà rìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó darapọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle, níbi tí àwọn àgbà bíi I. B. Akínyẹlé ní Ìbàdàn, ẹni tó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, àti D. O. Odùbánjọ ní Èkó wà. Àwọn àgbà yìí pẹ̀lú kò dá wà. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, àwọn kan ti kó ara wọn jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé tí ìjọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ ni ó sì ti ọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, tí wọ́n ń kà pa pọ̀. Nítorí náà, kí iná ìsọjí tó ràn ní Ìléṣà ní ọdún 1930, tí ó sì tàn dé Èkìtì, ìwé àti ẹgbẹ́ ti ṣiṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin Babalọlá sí ní ọdún 1959.

Ta ni a ó tọ̀ lọ?

Àwọn baba wa sọ pé abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Mùsùlùmí tó wà nínú tàríkà ní ṣéù rẹ̀, ó sì ní àwọn ará àṣàlátù. Ẹni tó tẹ Ifá ní olúwo àti ojùgbọ̀nà. Kristẹni ní àlùfáà ìjọ, ó sì lè rí ìyá àgbà kan nínú ìjọ tí ó ti fi ogójì ọdún gbàdúrà. Kì í ṣe ẹni tó gbajúmọ̀ jù ni a ń wá, bí kò ṣe ẹni tí ọ̀dá ti dá fún rí tí kò sì kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ fi nǹkan mẹ́rin dán olùtọ́nisọ́nà wò. Ẹni tó bá bèèrè owó kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá yára dárúkọ ọ̀tá fún yín nínú ẹbí, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ má lọ sí ilé ìwòsàn, tàbí tó fẹ́ kí ọmọbìnrin yín nìkan wá bá òun lóru, ẹ sá fún un. Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ náà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé gidigidi, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí lọ́dọ̀ òbí, ẹni tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa ń tẹ̀lé.

Ìwé wo ni a ó kà?

Ìwé tó ń ṣèlérí pé ohun gbogbo yóò yanjú láàárín ọjọ́ méje kò wúlò fún ẹni tó wà nínú ọ̀dá. Ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ jẹ́wọ́ ìyà ni ó dára. Sáàmù kejìdínláàádọ́rùn-ún parí sínú òkùnkùn láìsí ìtùnú kankan, síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kọkàndínlógún, kí ẹ rí bí Ọlọ́run ti ṣe sí Èlíjà tó ń bèèrè ikú: oorun àti oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ fún un, kò bá a wí, nígbà tó sì yá ó fún un ní Èlíṣà. Súrà Duha, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti sọ, sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ìsípayá dáwọ́ dúró tí ọkàn Ànábì sì dàrú.

Ìwé mìíràn tí ó ti wà lédè wa láti ọdún 1866 ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tí David Hinderer túmọ̀ láti inú ìwé John Bunyan, ẹni tó lo ọdún 12 lẹ́wọ̀n nítorí ìwàásù. Arìnrìn-àjò inú ìtàn náà jìn sínú ẹrẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó fà á jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n tì í mọ́lé pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ nínú ilé Iyèméjì, kí ó tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ ìlérí wà láyà òun.

Ẹ máa ka díẹ̀, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì wá ẹnìkan tí ẹ jọ ń kà á.

Nígbà tí ó bá kan ara

Bí ènìyàn kò bá sùn fún ọ̀pọ̀ òru, tí kò jẹun, tí ó ń gbọ́ ohùn tó ń ní kí ó pa ara rẹ̀ lára, tàbí tí ó ń sọ pé ikú sàn ju ayé lọ, èyí ti kọjá ọ̀dá àdúrà. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó fún aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú. Oògùn kò ba àdúrà jẹ́, bí àkàrà tí áńgẹ́lì gbé wá kò ti ba iṣẹ́ Èlíjà jẹ́.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ẹ̀yin tí ọ̀dá dá fún, ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ́ fún ẹnìkan ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti là á kọjá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín rí.