Bí A Ṣe Ń Mú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yára Sí I

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Intel gbé Celeron 300A jáde. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ni. Báwo ni àwọn ènìyàn ṣe wá sọ ọ́ di akẹgbẹ́ Pentium II olówó ńlá, tó ń sáré ní 450 MHz?

Ẹ fi í wé ìlù àti ijó. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń lu ìlù. Celeron yìí sì ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀ sí ìlù kan. Intel ti ti iye ẹsẹ̀ yẹn pa. Ìlù nìkan ló ṣeé yí padà. Bí ìlù bá jẹ́ 66 MHz, eré á jẹ́ 300. Bí ẹ bá gbé e sí 100 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù 440BX, ó di 450.

Ṣùgbọ́n ìlù kan náà ló ń darí ọ̀nà tí háàdì-dísìkì ń gbà ṣiṣẹ́. 33 MHz ló yẹ ọ̀nà náà. Ìdá mẹ́ta 100 bá a mu. Ìdajì 83 pọ̀ jù fún un, fáìlì yín sì lè bàjẹ́. Eré púpọ̀ tún máa ń mú ooru wá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, kí ẹ sì yẹ fáànù wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.