Ọjọ́ Alẹ́ Àgbẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Múra Sílẹ̀ Nígbà Tí Apá Ṣì Le

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ fi ilé sílẹ̀ wá dáko ní ilẹ̀ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti kòkòrò inú àgbàdo. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ alẹ́ wa ni.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé fún un: bí ó bá pé ọgọ́ta ọdún láyé, tàbí bí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Àgbẹ̀ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ríro ni ó máa ń wá sọ fún un. Bí kò bá sì ti múra sílẹ̀, ẹ̀yìn ríro náà ni yóò máa fi kọ ebè títí. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí àgbẹ̀ yan ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì yàn án ní kùtùkùtù. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ jókòó sójú kan. Ohun tí à ń wí ni pé kí ọjọ́ kan dé tí a lè lọ sóko tàbí kí a má lọ, kí ebi má sì pa ilé.

Ìdí tí owó inú àpótí kò fi tó

Àwọn àgbà kan láàárín yín rántí oṣù kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba yí àwọ̀ owó náírà padà, tí wọ́n sì fún aráyé ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kò tíì pẹ́. Wọ́n ní kí a dá owó àtijọ́ padà sí báǹkì, tuntun kò sì kárí. Ẹni tó ní owó nílé kò rí i ná, ẹni tó ní in ní báǹkì kò rí i gbà. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́.

Bí wọn kò tilẹ̀ yí owó padà, ọ̀wọ́n ọjà ń jẹ ẹ́ bí ìkán ṣe ń jẹ igi. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ NBS ti ìjọba àpapọ̀, láti òpin ọdún 2022 sí òpin ọdún 2023, ohun tí à ń rà ní ₦100 di nǹkan bí ₦129. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nǹkan bí ₦35 tún gun orí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹrù ₦10,000 di ẹrù bí ₦17,400 láàárín ọdún méjì. Ẹni tó di ₦10,000 mọ́ abẹ́ ẹní ní gbogbo àkókò náà kò pàdánù kọ́bọ̀ kan lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ₦5,700 péré ni agbára owó rẹ̀ mọ lọ́jà.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo kòkó. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, inú àwọn ará wa tó wà ní igbó Ẹdó sì dùn. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì ibi gíga jù tó dé. Ẹni tó gbára lé ohun kan ṣoṣo, ìgbà tí ohun náà bá wó ni tirẹ̀ wó.

Àká mẹ́ta

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àká mẹ́ta.

Àká kìíní ni ti oúnjẹ. Ẹ má ta gbogbo àgbàdo àti ẹ̀wà nígbà ìkórè tí gbogbo ayé ń ta. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ó máa dún ṣáká láàárín eyín. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ń pa kòkòrò láìlo oògùn, bí a bá ti so ẹnu rẹ̀ pinpin, nítorí atẹ́gùn kò wọlé. Ẹ má ṣe bu oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ tí ọmọ ènìyàn yóò jẹ. Ìdílé tó ní oúnjẹ títí di ìkórè mìíràn kò ní ta ohun ìní rẹ̀ lọ́pọ̀ nítorí ebi.

Àká kejì ni ti ohun tó lè di owó kíákíá. Ewúrẹ́ àti àgùntàn wà nínú rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn PPR, nítorí àrùn náà lè gbá agbo mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà nínú àká yìí pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè kọ ebè mọ́ lè jókòó ti ẹ̀rọ, kí àwọn ará abà máa gbé ẹ̀gẹ́ wá bá a.

Àká kẹta ni ti igi. Òun gan-an ni owó ìfẹ̀yìntì àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ ẹni ogójì ọdún kan ní apá Kogi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá ń gbin kajú 20 lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, tí ó fi mítà mẹ́wàá sí àárín igi sí igi, yóò ní 100 igi lórí hẹ́kítà kan. Iṣẹ́ ọdún kan kò ní pá a lórí. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, yóò máa gbin àgbàdo, ẹ̀pà tàbí ẹ̀gẹ́ sí àárín wọn, ríro tó bá ro oúnjẹ ni yóò sì ro igi. Kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí ọdún kẹta. Nígbà tí bàbá yìí bá pé àádọ́ta ọdún, àwọn tó kọ́kọ́ gbìn á ti di igi ọdún mẹ́wàá. Kí ó ṣáà ro ẹ̀bá oko mọ́ yíká kí ọyẹ́ tó dé, nítorí iná ìgbẹ́.

Ní apá ibi tí òjò pọ̀ sí bí ilẹ̀ Ẹdó, ọ̀pẹ ló yẹ. Ẹ wá irúgbìn tó dára ní NIFOR nítòsí Ìlú Benin, ẹ má hú èyí tó là lábẹ́ ọ̀pẹ àtijọ́. Ọ̀pẹ irúgbìn tuntun ń so láti bí ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì ń so fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ta ni?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu àti àgbàdo láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin igi, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ yóò sọ pé ó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi àṣẹ lórí ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà àti ìjọba ìbílẹ̀, síbẹ̀ onílẹ̀ ni ẹ ó máa rí lójoojúmọ́. Kí ẹ tó gbin igi kan ṣoṣo, ẹ jọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí ààlà dé, iye ọdún, ohun tí ẹ ó máa san, àti pé àwọn ọmọ yín ni yóò jogún igi náà. Kí olórí ìlú wọn àti ẹlẹ́rìí láti apá méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ilẹ̀ ètò, ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín, kí ẹ mọ̀ bóyá ọmọ lè jókòó sí ipò bàbá.

Bí onílẹ̀ bá kọ̀, ẹ má fi agbára gbìn ín. Ẹ fi kún àká kejì, nítorí ewúrẹ́ ní ẹsẹ̀, a sì lè gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ bí ọjọ́ àtilọ bá dé.

Ilé tí à ń kọ́ sílé

A mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò fẹ́ ní ilé sí ìlú rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á kó owó ọdún mẹ́wàá sí ilé oníyàrá mẹ́jọ, aláǹgbá ni yóò sì máa gbé inú rẹ̀. Nígbà tí arúgbó bá dé, ó délé ńlá, kò sì rí owó ọbẹ̀. Ẹ kọ́ yàrá méjì tàbí mẹ́ta kọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí igi máa so, kí owó igi wá parí èyí tó kù.

Ibi tí owó lè sùn

Owó tí a nílò láàárín ọdún gbọ́dọ̀ ní ibi tó wà. Láti ọdún 2024, àjọ NDIC ń dáàbò bo owó ènìyàn tó bá tó ₦5,000,000 ní báǹkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báǹkì kéékèèké. Kò dáàbò bo ti alájọ tó ń fi káàdì gbowó kiri. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára, bí ìwé ìṣirò rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Láti ọdún 2019 pẹ̀lú ni ètò PenCom ti gba àgbẹ̀ àti oníṣòwò láàyè láti máa dá owó ìfẹ̀yìntì fúnra wọn. Ẹni tó bá sì ní òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po láàárín oṣù kan, ẹ sá fún un. MMM náà ṣèlérí èrè ₦30 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lóṣù kí ó tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní ìparí ọdún 2016.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn ìkórè yìí, kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà jókòó. Ìyá ní àpò tirẹ̀, ewúrẹ́ tirẹ̀ àti òwò gaàrí tirẹ̀. Kí wọ́n má fi í sẹ́yìn nínú ètò náà, nítorí bí bàbá bá ṣáájú lọ, òun ni yóò kù nílé àjèjì. Kí gbogbo wọn mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà, nínú owó mẹ́wàá tó bá wọlé, kí wọ́n yọ ẹyọ kan fún ọjọ́ alẹ́ kí wọ́n tó na mẹ́sàn-án tó kù. Bí gbèsè bá wà, ẹ kọ́kọ́ san án.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Kí alẹ́ wa sàn ju òwúrọ̀ lọ.