Shiffrin borí lẹ́ẹ̀mẹrin, Ljutić gba ife: Ohun tí eré orí yìnyín fi jọ ọjà Kraké

Kò sí oníṣòwò ní Kraké tó lè gbàgbé ọdún 2019. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa mọ́ ẹrù, ti Sẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹrù wà nílẹ̀, oníbàárà wà l'Ékòó, àmọ́ ọ̀nà ò sí. Lásìkò náà, ẹni tó mọ ọjà tà jù lọ kò sàn ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ, torí pé ọjọ́ tí èèyàn kò bá dé ọjà, kò sí owó tó máa pa.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà sí wa gan-an, nínú eré tí ọ̀pọ̀ wa kò fojú rí rí: slalom àwọn obìnrin, eré tí wọ́n ń fi pátákó ẹsẹ̀ sá lórí yìnyín. Ní sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 tó sì parí ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹni tó borí jù lọ kọ́ ló gba ife. Ẹni tí kò pa ọjọ́ ọjà jẹ ló gbà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sá eré náà?

Òkè kan ni, yìnyín bò ó, ó funfun báláú. Wọ́n á ri ọ̀pá pupa àti búlúù mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Eléré á de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, á wá máa já bọ̀ láti òkè, á máa yí àwọn ọ̀pá náà po lọ́tùn-ún lósì, bí ọlọ́kadà tó ń gba àárín ọkọ̀ ẹrù kọjá ní bọ́dà. Tó bá fo ọ̀pá kan péré, ó tán nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń sá a lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á sì ro àkókò méjèèjì pọ̀. Àwọn 30 tó bá yá jù nígbà àkọ́kọ́ nìkan ló ń padà wá sá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì kì í tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Máàkì ni ibi tí eré náà ti jọ tiwa. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ń gba 100, ìkejì 80, ìkẹta 60, ìkẹrin 50. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ títí dé ẹni ọgbọ̀n, tó ń gba 1. Wọ́n ń kó o jọ láti ìdíje dé ìdíje, bí ẹni ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ. Tí sáà bá parí, ẹni tí àjọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń gba ife gíláàsì tó rí roboto bí ayé. World Cup ni wọ́n ń pe ìdíje yìí, wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọdún 1967.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà

Ìdíje slalom 10 ló wáyé fáwọn obìnrin ní sáà náà. Mikaela Shiffrin, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ mú iwájú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ó borí ní Levi, lórílẹ̀-èdè Finland, níbi tí wọ́n ti máa ń fún ẹni tó bá gbégbá orókè ní ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín, kó sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó tún borí ní Gurgl, ní Austria. Ìgbà 99 tó borí nínú World Cup nìyẹn. Nínú irú eré yìí, kò tíì sẹ́ni tó dé 100 rí, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Killington, ní Amẹ́ríkà, ni gbogbo èèyàn ti ń retí pé yóò pé 100. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, wọ́n ń sá giant slalom, ìyẹn eyí tí ọ̀pá rẹ̀ jìnnà síra ju ti slalom lọ. Shiffrin ló wà níwájú lẹ́yìn ìsáré àkọ́kọ́. Nínú ìsáré kejì, ó ṣubú, ohun kan sì gún un níkùn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ sì tẹ̀ lé e. Oṣù méjì gbáko ni kò fi bá wọn díje. Ìdíje slalom mẹ́rin ló kọjá láìsí i níbẹ̀: Killington, Semmering, Kranjska Gora àti Flachau. Kò rí máàkì kankan gbà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọlọ́jà kan kì í wá kí ọjà má kún

Camille Rast, ọmọ Switzerland, ló borí ní Killington lọ́jọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Òun náà ló borí ní Flachau. Zrinka Ljutić, ọmọ Croatia tí kò tíì pé ọdún 21 nígbà náà, ló gba Semmering ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá, ó sì gba Kranjska Gora ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní. Nígbà tí Shiffrin padà dé ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, ní Courchevel nílẹ̀ Faransé, Ljutić ló tún borí. Ipò kẹwàá ni Shiffrin ṣe.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, Shiffrin pé 100 rẹ̀ ní Sestriere, ní Ítálì, gbogbo ayé sì bá a yọ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ṣe ipò kejì lọ́jọ́ náà: Ljutić ni. Ó gba 80 tirẹ̀, ó fi kún àjọ. Katharina Liensberger, ọmọ Austria, borí ní Åre, ní Sweden. Shiffrin ló sì borí nínú èyí tó kẹ́yìn, ní Sun Valley, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Shiffrin borí lẹ́ẹ̀mẹrin, Ljutić lẹ́ẹ̀mẹta, Rast lẹ́ẹ̀mejì, Liensberger lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, Ljutić ló gbé ife slalom lọ sílé. Janica Kostelić ni obìnrin Croatia tó gbà á kẹ́yìn ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 2006.

Rast náà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Òun ló gba góòlù slalom nínú ìdíje àṣekágbá àgbáyé ní Saalbach, ní oṣù kejì. Ìyẹn kò sí lára àjọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sá a.

Àwa ńkọ́?

Ẹni tó bá rò pé eré àwọn òyìnbó nìkan nìyí, kó wo Tógò tó múlé tì wá. Oṣù kejì ọdún 2014 ni Tógò kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní Sochi, ní Rọ́ṣíà. Èèyàn méjì péré ló lọ, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn, Alessia Afi Dipol, ló kópa nínú slalom àti giant slalom. Ítálì ni wọ́n bí i sí, Cortina d'Ampezzo tó wà láàárín òkè yìnyín ló sì dàgbà sí. Àjọ ló kó òun náà débẹ̀: èsì eré márùn-ún ni wọ́n ń rò pọ̀ kí wọ́n tó gba irú rẹ̀ láàyè, kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Simidele Adeagbo, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ṣojú Nàìjíríà ní Gúúsù Kòríà nínú eré mìíràn, èyí tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ sá lórí yìnyín. Ilẹ̀ òkèèrè làwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ́ṣẹ́. Kò sí yìnyín nílẹ̀ wa, irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, owó ọkọ̀ òfuurufú sì ń bẹ níwájú. Ohun tó dá àwọn ọmọ wa dúró nìyẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ljutić kò jí ife Shiffrin gbé, Shiffrin náà kò sì ṣe ọ̀lẹ. Ọgbẹ́ ló ti bodè mọ́ ọn. Oníṣòwò Kraké kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún òun. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé bí alájọ ṣe ń pín owó tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe máàkì. Tí oṣù kọkànlá bá dé, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, oníkálukú á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo.