Gíláàsì kan, agogo kan: bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Gáńbíà

Ní Gáńbíà, wọn kì í fún olùdìbò ní ìwé. Bí wọ́n bá ti yẹ káàdì rẹ̀ wò tán, tó sì ti ki ìka bọ yíǹkì, gíláàsì róbótó kan ni wọ́n á fi lé e lọ́wọ́, irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré nílẹ̀. Á mú un lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àgbá irin ló tò síbẹ̀, olùdíje kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kùn ún, wọ́n sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn lára. Páìpù kékeré kan yọ lórí àgbá. Olùdìbò á ju gíláàsì sí ti ẹni tó wù ú, ẹ ó sì gbọ́ kéń!

Agogo inú àgbá ló dún yẹn, òun sì ni gbogbo ọgbọ́n náà dá lé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó níta kò rí ọwọ́ olùdìbò, ṣùgbọ́n etí wọn ń bẹ níbẹ̀. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, a jẹ́ pé ẹnì kan ti kó gíláàsì tirẹ̀ wá láti ilé. Kí gíláàsì má baà ta padà kó tún dún, wọ́n á da yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó sí ìsàlẹ̀ àgbá. Kódà, kẹ̀kẹ́ ológeere kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ náà, kí agogo rẹ̀ má baà da etí rú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n tó rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Agogo inú àgbá á jẹ́rìí pé lágbájá ti dìbò. Kò ní sọ ẹni tó dì í fún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ló gbé ètò náà kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀wé. Púrúǹtù kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a wo ìwé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àṣírí ìbò ti máa ń tú.

Bó bá di kíkà, wọ́n á da gíláàsì sórí àtẹ tó ní ihò 200 tàbí 500. Bí àtẹ bá kún, aṣojú ẹgbẹ́ ti fojú ka iye rẹ̀.

Yahya Jammeh, tó lo ọdún 22 lórí àlééfà, a máa fọ́nnu pé kò sí ọgbọ́n èrú tó lè ran ìdìbò Gáńbíà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Adama Barrow tó bá a díje ní ìbò 227,708, Jammeh ní 208,487. Jammeh kọ́kọ́ pe Barrow lórí fóònù, ó kí i kú oríire. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó lóun ò gbà mọ́. Iṣẹ́ agogo ti parí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló wọ ìlú kí Jammeh tó gbéra lọ ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Nínú ìdìbò ààrẹ tó tẹ̀ lé e, lọ́dún 2021, olùdíje mẹ́fà ló jáde, ìyẹn àgbá mẹ́fà lẹ́yìn ìkélé kan. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n kúkú bọ́ sórí ìwé. Bí ogún olùdíje bá jáde lọ́jọ́ kan, yàrá wo ni yóò gba àgbá?