Ìyèrè, Kànáfùrù àti Oògùn Tó Dé Ọjà Tí Kò Pẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ SS fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi: ìyèrè, kànáfùrù, igi osùn, ewé ọkà bàbà. Ó ní, "Wọ́n ní ó ń wo fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé kí n máa sè é mu?"

Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di oògùn rí, Niprisan lorúkọ rẹ̀. Rẹ́fúrẹ́ńdì Paul Ogunyale, tó ń fi egbòogi wo àrùn náà, ló fi àṣírí rẹ̀ han NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n ṣe àdéhùn pé òun náà á jẹ nínú èrè rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Hemoglobin ló ń gbé oxygen kiri inú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tó jẹ́ SS, tí oxygen bá ti bọ́ lára wọn, àwọn hemoglobin á lẹ̀ mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á wá tẹ̀ bíi dòjé. Ó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ìrora á dé. Ní lábù, Niprisan dín títẹ̀ yìí kù.

Àmọ́ lábù kì í ṣe ara èèyàn. Ni wọ́n bá kó aláìsàn 82 jọ. Àwọn kan lo Niprisan, àwọn yòókù lo ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀. Aláìsàn ò mọ èyí tó ń lò, dókítà náà ò mọ̀. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé Niprisan dín iye ìgbà tí ìrora líle ń dé kù.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006 ó dé ọjà, wọ́n pè é ní Nicosan. Nígbà tó di 2008, gbèsè ti bo Xechem mọ́lẹ̀. Egbòogi ò kùnà, owó ló kùnà.

Kí wá ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi? Mo ní kó má sè é. Ewé kan náà lè le lásìkò òjò kó má le lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sẹ́ni tó wọn ti inú ìkòkò. Iṣẹ́ lábù ni pé kí hóró kìíní àti hóró ẹgbẹ̀rún rí bákan náà. Mo ní kó má fi oògùn dókítà rẹ̀ sílẹ̀.

Ó fèsì pé, "Ẹ̀yin ará lábù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá."

Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.