Ewéko tí Ń Fi Ewé Mumi: Ẹbí Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Nínú Ọgbà Ilé

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú ẹbí ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bùròmẹ́líádì, bẹ́ẹ̀ sì ni oríṣi tó wà nínú ẹbí náà lé ní 3,500, tí púpọ̀ jù lọ nínú wọn kì í so èso tí ènìyàn ń jẹ, ṣùgbọ́n tí ewé àti òdòdó wọn rẹwà débi pé àwọn olólùfẹ́ ọgbà káàkiri ilẹ̀ olóoru ń kó wọn jọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun wọn, láti gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà títí dé ìsàlẹ̀ Ajẹntínà, Brazil ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn gbé e débẹ̀, ìyẹn Pitcairnia feliciana tó ń hù lára àpáta ní orílẹ̀-èdè Guinea, tí a sì fi orúkọ Henri Jacques-Félix, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó rí i ní ọdún 1937, sọ ọ́. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún tí ó ti yà kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀, nígbà tí òkun ti la ilẹ̀ méjèèjì láàárín tipẹ́tipẹ́, nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé atẹ́gùn tàbí ẹyẹ ló gbé irúgbìn rẹ̀ sọdá. Ní ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ló bá dé, ó sì ti di onílé débi pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Allada ní orílẹ̀-èdè Benin lókìkí lónìí nítorí oríṣi rẹ̀ tó dùn bí oyin tí wọ́n ń pè ní pain de sucre.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹbí yìí jọ sí àyíká ilé rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun kan, nítorí pé láti ibẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú wọn ti ṣàn wá: ewé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ń mumi, tí wọ́n sì fi ń jẹun. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àwọn mìíràn tó ń gbé inú ilẹ̀ ṣì ń lo gbòǹgbò bí ewéko yòókù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé orí igi àti ara àpáta kò fi gbòǹgbò ṣe ju pé kí wọ́n fi di ibi tí wọ́n wà mú lọ. Ìdí ewé wọn wọnú ara wọn yípo, ó sì di ago tí òjò ń kún. Ewé gbígbẹ, òkú kòkòrò àti ìgbẹ́ ẹyẹ a jábọ́ sínú ago náà, wọn a jẹrà, omi náà a sì di ọbẹ̀ tí ìpẹ́ kéékèèké tó wà ní ìdí ewé, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, ń fà mu. Àwọn oríṣi Tillandsia tilẹ̀ kọjá èyí, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ago rárá. Ìpẹ́ bo gbogbo ara wọn, òun ló mú wọn funfun bí eérú, òun náà ló sì ń gba ìrì àti òjò tó bá fẹ́ wọn.

Ẹni tó bá rí wọn lórí igi lè rò pé àfòmọ́ ni wọ́n, kí ó sì fẹ́ gé wọn sọnù kí igi má baà kú. Àfòmọ́ a máa gún ara igi, a sì máa fa oje rẹ̀ mu. Bùròmẹ́líádì kò mu ohunkóhun lára igi, ìjókòó lásán ló ń wá, ìdí nìyí tí ó fi lè gbé lórí okùn iná mànàmáná ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà Gúúsù pẹ̀lú ìrọ̀rùn kan náà. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ewéko ayé lórúkọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń mumi. Ó fi orúkọ Elias Tillandz, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Turku, sọ àwọn Tillandsia, nítorí pé ìtàn sọ pé òkun máa ń da inú ọkùnrin náà rú débi pé ó fẹsẹ̀ rìn yí etí òkun ká dípò kí ó wọ ọkọ̀ láti Stockholm, Linnaeus sì rò pé ewéko náà kórìíra omi bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé omi ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí omi dúró sí wọn lára láìgbẹ.

Láti ara òtítọ́ yìí ni a ti lè mọ bí a ó ṣe gbìn wọ́n. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tí àwọn olùtọ́jú ọgbà fẹ́ràn, pàápàá tí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, a máa sé afẹ́fẹ́ mọ́ gbòǹgbò wọn, ìdí wọn a sì rà. Ohun tó dára jù ni èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́, èédú tí a fọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́, tí a pò pọ̀ sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu dáadáa, kí a má sì ri ewéko náà jìn ju ibi tí ewé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní igi nínú ọgbà rẹ̀ kò nílò ìkòkò rárá. Èèpo igi máńgòrò tó rí gbágungbàgun a máa gbà wọ́n dáadáa, tí a bá fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí okùn ìpẹja dè wọ́n mọ́ ọn fún oṣù díẹ̀ títí gbòǹgbò yóò fi lẹ̀. Igi gúáfà kò dára fún èyí, nítorí pé ó máa ń bó èèpo rẹ̀ sọnù, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́ èèpo náà yóò bá a ṣubú. Wáyà bàbà kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, fún ìdí tí a ó rí níwájú.

Bí ewé bá ṣe rí ni yóò sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́. Àwọn tí ewé wọn rọ̀, tó tutù yọ̀yọ̀, tí kò sì ní ẹ̀gún, bíi Guzmania àti púpọ̀ nínú Vriesea, abẹ́ ìbòòji ni ilé wọn. Àwọn tí ewé wọn le, tó lẹ́gùn-ún létí, tàbí tí ìpẹ́ funfun bo ara wọn, bíi Aechmea àti Billbergia, fẹ́ oòrùn àárọ̀. Aechmea blanchetiana, tó ti etíkun oníyanrìn Bahia àti Espírito Santo wá, lè dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà náà gan-an ni ewé rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn. Neoregelia ló máa ń da àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lójú rú jù. Ẹni tó rà á nígbà tó pupa fòò yóò gbé e sínú yàrá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi di ewé tútù lásán tó gùn jálajàla, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń kun ún láwọ̀, kì í ṣe ajílẹ̀. Ajílẹ̀ tó pọ̀ gan-an a tún máa bà á jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí a fi omi là púpọ̀ ti tó o ní ìgbà òjò. Ẹni tó bá sì ń gbé ewéko kúrò ní ìbòòji bọ́ sí oòrùn gbọ́dọ̀ ṣe é díẹ̀díẹ̀, torí pé ewé tí oòrùn bá jó kì í padà sípò.

Omi òjò ni ó tẹ́ wọn lọ́rùn jù lọ. Omi kànga tí ìpẹtà irin pọ̀ nínú rẹ̀ a máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára ewé, a sì máa dí ìpẹ́ tí wọ́n fi ń mumi. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ táútáú, ago a máa gbẹ kíákíá, àwọn Tillandsia sì nílò kí a wọ́n omi sí wọn lára ní àárọ̀. Àárọ̀ bá ìṣẹ̀dá wọn mu, kí omi náà lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé òru ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣí ihò mímí ara wọn, tí wọ́n sì ń kó afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ pamọ́ di ọ̀sán, kí oòrùn má baà fa omi ara wọn tán.

Omi inú ago yìí ló ń fa ẹjọ́ tí àwọn aládùúgbò máa ń bá olùkójọ ṣe, pé ẹ̀fọn ni ó ń sìn. Ẹjọ́ náà kì í ṣe àròsọ. Ní erékùṣù Trinidad nígbà kan rí, wọ́n máa ń gbin igi ńlá sáàárín oko kòkó láti ṣíji bo kòkó. Bùròmẹ́líádì pọ̀ lórí ẹ̀ka àwọn igi náà, Anopheles bellator, ẹ̀fọn tó ń gbé àìsàn ibà kiri, sì ń yé ẹyin sínú ago wọn, tí ó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ oko kòkó gan-an ni ibà ń dá gúnlẹ̀. Colin Pittendrigh, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà kínníkínní ní àwọn ọdún 1940. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi kojú rẹ̀ ni pé wọ́n fín omi tí a po iyọ̀ bàbà mọ́ sórí àwọn igi, bùròmẹ́líádì sì kú nígbà tí igi yè, nítorí pé bàbà jẹ́ májèlé fún ẹbí yìí. Ìpẹ́ tó ń fa oúnjẹ wọlé kò mọ májèlé yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú èyí fún àwọn tó ń gbé nítòsí oko kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá kò kéré, torí pé bàbà ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí àgbẹ̀ ń fín nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Ẹni tó bá fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú àìsàn ewé bùròmẹ́líádì ti pa á ná.

Anopheles gambiae, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹ̀fọn tó ń fa ibà ní Nàìjíríà, fẹ́ràn omi òjò tó dá sí ojú ilẹ̀ níbi tí oòrùn ń pa ju inú ewé lọ, ṣùgbọ́n Aedes aegypti, tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri, máa ń yé sínú ohunkóhun tó bá gba omi dúró. Nítorí náà, àìbìkítà kò bójú mu. Ó máa ń gba ẹyin ẹ̀fọn tó nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ní ilẹ̀ olóoru kí ó tó di tanwíjí, kí ó sì tó fò. Bí a bá fi rọ́bà omi fọ inú ago kọ̀ọ̀kan dáadáa lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, tanwíjí yóò ṣàn jáde, yóò sì kú lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bakitéríà kan tún wà, Bacillus thuringiensis israelensis, tí a ń tà ní lẹ́búlẹ́bú tàbí hóróhóró, tó ń pa tanwíjí láìṣe ènìyàn tàbí ọ̀pọ̀lọ́ ní ibi. Kérosíìnì àti òróró tí àwọn kan ń dà sínú ago kò yẹ, nítorí pé òróró a máa sé ìpẹ́ náà pa.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni bùròmẹ́líádì ṣe ń kú: ìyá tó bá ti yọ òdòdó kò ní yọ mìíràn mọ́, ṣùgbọ́n yóò máa bímọ yí ìdí rẹ̀ ká fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ. Ẹni tí kò mọ èyí a máa rò pé òun ló pa á, a sì máa fà á tu pẹ̀lú ọmọ. Ohun tó yẹ ni kí ó dúró títí ọmọ yóò fi tó ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì ìyá, kí ó fi ọ̀bẹ mímú gé e, kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ kan, kí ó tó gbìn ín. Bí ewéko tó ti gbó bá sì kọ̀ tí kò yọ òdòdó, a lè da omi ago rẹ̀ nù, kí a fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀ ní ìbòòji pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n fún ọjọ́ bíi 7 sí 10, torí pé ethylene, afẹ́fẹ́ tí èso pípọ́n ń tú jáde, ló ń sọ fún un pé àkókò tó. Àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ilé oníjígí ní erékùṣù São Miguel láàárín òkun Àtìláńtíìkì ti ń fi èéfín ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọ̀rúndún 19, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kan ló wà nínú èéfín náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a lè kán lójú, àmọ́ ṣá: Puya raimondii ti orí òkè Peru àti Bolivia máa ń lo ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún kí ó tó yọ ọ̀pá òdòdó kan ṣoṣo tó lè ga ju ilé alájà méjì lọ.

Ẹni tó sọ ìkójọ yìí di iṣẹ́ ọnà ni Roberto Burle Marx (1909–1994), ayàwòrán ọgbà ọmọ Brazil. Inú ọgbà ewéko Dahlem ní ìlú Berlin, ní ìparí àwọn ọdún 1920, ni ó ti rí ẹwà ewéko ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́rọ̀ nílé ń gbin òdòdó ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1949 ó ra ilẹ̀ ní Guaratiba lẹ́bàá Rio de Janeiro, ó kó oríṣi ewéko tó lé ní 3,500 síbẹ̀, bùròmẹ́líádì sì wà ní ipò iwájú láàárín wọn. UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìní ayé ní 2021. Ohun tó yẹ kí a wò lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọjà inú ìsọ̀. Àgbájọ oríṣi kan ṣoṣo ni yóò tẹ́ sójú kan, àwọ̀ náà á sì hàn láti òkèèrè. Olùkójọ tí ọgbà rẹ̀ kéré lè ṣe é pẹ̀lú ọmọ Neoregelia kan tó ń bí sí i lọ́dọọdún láìná owó mìíràn.

Ewu tó kù wà nínú ríra láti òkèèrè. Ní 1989, wọ́n rí kòkòrò kan, Metamasius callizona, ní Florida, tí ó bá bùròmẹ́líádì tí a kó láti Mexico wọlé. Ìdin rẹ̀ ń jẹ ọkàn ewéko náà títí ewé àárín yóò fi tú jáde, ó sì ti pa àwọn bùròmẹ́líádì ìbílẹ̀ orí igi run ní ọ̀pọ̀ igbó níbẹ̀. Èyí tó bá ń wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àjọ NAQS tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò lẹ́nu ibodè. Nílé náà, kí a ya ewéko tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a da omi ago rẹ̀ nù, kí a sì rọra fa ewé àárín rẹ̀ wò. Èyí tó bá yọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, tí ìdí rẹ̀ sì ti rà tàbí tí a rí ihò níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.